Bí mo ṣe sọ Tiger Moth di Gipsy Moth lórí tábìlì télọ̀

Télọ̀ ni mí ní Ìtòkú, láàárín àwọn aládìrẹ. Lálẹ́, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti gbá ìrépé aṣọ tán, bàálù oníróbà ni mo máa ń tò lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Èyí tó ń wù mí jù ni Gipsy Moth, bàálù alápá méjì, irú èyí tí Amy Johnson, obìnrin awabàálù, wà láti Croydon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Darwin ní Ọsirélíà lọ́dún 1930. Páálí tí ègé róbà tirẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ti àbúrò rẹ̀, Tiger Moth ti ilé iṣẹ́ Airfix, ni mo rí rà, ìwọ̀n 1/72 (mílímítà kan dúró fún méjìléláàádọ́rin lára bàálù gidi), òun náà ni mo tún dá.

Ẹ má tíì mú ayùn o. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ni ní wíwa bàálù ni Tiger Moth; olùkọ́ ló ń jókòó níwájú nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lè fò jáde tòun ti páráṣúùtì. Àmọ́ apá òkè Gipsy Moth bo ìjókòó iwájú lórí. Wọ́n bá sún apá náà síwájú. Kí bàálù má bàa tẹ̀ sẹ́yìn jù, wọ́n tún dá ṣóńṣó apá padà sẹ́yìn díẹ̀. Ohun tí a fẹ́ tú nìyẹn.

Ẹ gé apá òkè lọ́tùn-ún lósì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì epo tó wà láàárín. Ẹ gé róbà pẹlẹbẹ méjì, kí iwájú wọn tín-ín-rín, kí ẹ̀yìn wọn fẹ̀, ẹ fi wọ́n dí ojú ibi tí ẹ gé, bí a ṣe ń fi aṣọ kún ẹ̀gbẹ́ bùbá tó há. Apá á tọ́, á sì gùn sí i: mítà 8.94 ni ti Tiger Moth, 9.14 ni ti Gipsy Moth. Lórí tábìlì, mílímítà 124 di 127. Ti ìsàlẹ̀ náà ń kọ́? Bákan náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sún gbogbo apá òkè padà sórí ìjókòó iwájú.

Nígbà àkọ́kọ́, ibi tó fẹ̀ ni mo kọ síwájú. Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó títí: “Ọ̀gá, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lẹ rán yìí.”

Ó ku imú. Ẹ́ńjìnnì Tiger Moth dorí kodò; ti Gipsy Moth nàró, nítorí náà fáànù iwájú á wálẹ̀, orí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì yọ lókè. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan níbi ìdí tó ti ki. Ẹ wé òwú ìránṣọ mọ́ ọn, kí ìlà kan fara kan èkejì láìgun ara wọn. Ẹ kán sùpáglúù ẹ̀kán kan péré sí i; òwú á mu ún, á le gbagidi. Ẹ fi bíléèdì gé e sí mẹ́rin, ẹ kùn ún láwọ̀ irin. Ẹni tó bá mọ̀ nìkan ló lè mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ni.

Fún wáyà àárín apá, ẹ má lo òwú. Òwú máa ń hu irun, èmi télọ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán atáṣímẹ́ǹtì kan ṣoṣo lọ́wọ́ onídìrí dára jù.

Mo kun ara tèmi ní àwọ̀ ewé, mo kun apá ní fàdákà, mo kọ nọ́ńbà bàálù, G-AAAH, sí i bíi ti Amy. Ó ń rọ̀ lókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi báyìí. Tí iná bá dé, a kì í yí fáànù òrùlé kọjá nọ́ńbà méjì.