Bí A Ṣe Ń Jí Kọ̀ǹpútà Linux Tó Dákú Lẹ́yìn Ọ́pdéètì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkókà ń ṣe ọ́pdéètì lọ́wọ́ ni iná bá lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kú tipẹ́, wáyà nìkan ló fi ń lò ó. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà kò ṣí mọ́. Ó gbé e fún ẹnì kan pé kó bá òun tún un ṣe, onítọ̀hún sì fọ́máàtì rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Iṣẹ́ àṣekágbá, orí mẹ́rin gbáko, bá a lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé nǹkan kan kò ṣe fáìlì wọ̀nyẹn. Kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni iná já mọ́ lẹ́nu; àwọn ìwé rẹ̀ wà níbi tó kó wọn sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó gbìyànjú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ubuntu, Mint àti Debian, oríṣi Linux mẹ́ta, ni mo ń bá wí.

1. Ẹ ka ohun tó kọ sójú

Ẹ fi fóònù ya á. Bí ó bá kọ Kernel panic, tí unknown-block(0,0) wà ní ìparí rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé initramfs kernel tuntun kò parí. Ìyẹn ni ẹrù kékeré tí kernel ń kọ́kọ́ tú kó tó lè rí dísíìkì. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú kirikiri, tí káàdì àwòrán NVIDIA sì wà nínú rẹ̀, ẹ fura sí dríáfà, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì náà. Ẹ tẹ lẹ́tà e lójú GRUB, ìyẹn àkójọ tó ń jáde kí Linux tó ṣí (ìgbésẹ̀ kejì sọ bí ẹ ó ṣe rí i), ẹ fi nomodeset sí ìparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kí ẹ tẹ F10. Bí ó bá jẹ́ grub rescue> lẹ rí, ẹ kọjá sí ìgbésẹ̀ kẹta.

2. Ẹ padà sí kernel àtijọ́

Linux kì í ju kernel tó ń lò tẹ́lẹ̀ nù bí tuntun bá dé. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ di Shift mú. Bí ó bá jẹ́ ti UEFI, ìyẹn ètò ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà òde òní, Esc ni kí ẹ tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń tẹ Esc léraléra máa já sí grub>. Kò bàjẹ́, ẹ tẹ reboot kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ wọ Advanced options, ẹ mú kernel tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti òkè. Bí ó bá ṣí, ẹ ti bọ́. Ẹ ṣí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ:

df -h /boot
sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install
sudo update-initramfs -c -k all
sudo update-grub

Bí df bá sọ pé /boot, ibi tí àwọn kernel ń gbé, ti kún dé 100%, ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi sudo apt autoremove --purge kó àwọn kernel àtijọ́ kúrò. Ẹ má fi rm pa wọ́n bí ẹni ń pa eṣinṣin. Mo ti rí ẹni tó pa èyí tó ń lò lọ́wọ́. Ẹ tẹ uname -r kí ẹ mọ èyí tó gbé yín dúró.

3. Bí kernel àtijọ́ náà kò bá ṣí

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ wá fláàṣì tó tó 8GB. Fláàṣì ayédèrú pọ̀ lọ́jà, wọ́n á kọ 64GB sí i lára, inú rẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀; ẹ kó fáìlì ńlá sínú rẹ̀, kí ẹ ṣí i wò, kí ẹ tó gbára lé e. Linux Mint ni èmi máa ń gbé sórí rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ Ubuntu ló wà nínú kọ̀ǹpútà, torí pé dátà tó ń jẹ kéré sí ti Ubuntu. Kí àwọn méjèèjì ṣáà jẹ́ 64-bit. Ẹ fi F12 bá a wọlé lórí Dell tàbí Lenovo, F9 lórí HP.

Bí Mint bá ṣí, ẹ ó rí àwòrán kan tí wọ́n kọ Install Linux Mint sí. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun ló ń pa ìwé àwọn ènìyàn rẹ́.

Ẹ tẹ lsblk -o NAME,SIZE,FSTYPE. Dísíìkì dà bí ilé féèsì-mi-àì-féèsì-yù: yàrá pọ̀, olúkúlùkù ló ní orúkọ. Èyí tó tóbi tó sì jẹ́ ext4 ló sábà máa ń jẹ́ tiyín. Vfat kékeré ni ti EFI, ibi tí UEFI ti ń bẹ̀rẹ̀ Linux. Ẹ má gba sda2 tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí gbọ́ láìwò ó. Tiyín lè jẹ́ nvme0n1p2, sda sì lè jẹ́ fláàṣì yín gan-an.

sudo mount /dev/sda2 /mnt
ls /mnt/home

Bí ẹ kò bá rí orúkọ tí ẹ fi ń wọlé níbẹ̀, yàrá ẹlòmíì lẹ wọ̀. Ẹ jáde pẹ̀lú sudo umount /mnt, kí ẹ gbìyànjú òmíràn. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ́kọ́ kó ìwé yín sórí dísíìkì mìíràn. Èmi kì í lọ síwájú láìṣe èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi chroot wọ inú Linux tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín gan-an:

sudo mount /dev/sda1 /mnt/boot/efi
for i in dev proc sys run; do sudo mount --rbind /$i /mnt/$i; done
sudo chroot /mnt

Bí /boot yín bá ní yàrá tirẹ̀, ẹ mount òun náà sí /mnt/boot ṣáájú ti efi. Ẹni tó gbàgbé èyí máa ṣe gbogbo iṣẹ́ sínú àpò òfìfo, kọ̀ǹpútà á sì tún kọ̀ láti ṣí.

Ẹ tún tẹ ls /home. Orúkọ yín ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ mint ló jáde, ẹ ò tíì wọlé rárá, fláàṣì lẹ fẹ́ tún ṣe yẹn. Bí ó bá ti tọ̀nà, ẹ tẹ àwọn àṣẹ ìgbésẹ̀ kejì láìsí sudo. Ẹni tó rí grub rescue> yóò tẹ grub-install ṣáájú update-grub. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò ní EFI, grub-install /dev/sda ni, dísíìkì lódidi, kì í ṣe sda2. Ẹ tẹ exit, lẹ́yìn náà sudo reboot.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí láìní iná tó dájú. Iná tó bá lọ lórí update-initramfs á dá yín padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Èmi kì í fọwọ́ kan ọ́pdéètì bí bátìrì kò bá tó 80%, ẹni tí bátìrì tirẹ̀ ti kú, kó so ó mọ́ ínfátà, kó má gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń tán lọ. Fláàṣì yẹn náà, ẹ má fi kó fíìmù fún ẹnikẹ́ni. Inú àpò láptọ́ọ̀pù ni tèmi máa ń wà.