Bẹ́ ẹ ṣe lè fa ẹni tuntun wọ Wikimedia Commons

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Wikimedia Commons, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó fọ́tò táwọn èèyàn lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má da òfin lé e lórí o, ẹ ní kó wá fọ́tò kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ yà lórí fóònù ẹ̀, bóyá àkàrà nínú epo gbígbóná, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ò lè wọbẹ̀ torí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ ṣàlàyé CC BY-SA 4.0, ìyẹn àṣẹ tó máa fún àwọn èèyàn láti lo fọ́tò ẹ̀, fún un dáadáa kó tó fi síbẹ̀: ẹnikẹ́ni lè lò ó, kódà kó fi pawó, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀, tí wọ́n bá sì tún fọ́tò náà ṣe kí wọ́n tó pín in, irú àṣẹ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sí i. Tó bá ti wọlé, ẹ fi sínú àyọkà kan lórí Wikipedia Yorùbá níṣojú ẹ̀, inú ẹ̀ á dùn gan-an ni. Tó bá ṣàṣìṣe, ẹ bá a tún un ṣe, ẹ má kàn pa á rẹ́.