Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àmì FSC kí ẹ tó sanwó ìlẹ̀kùn

Káfíńtà ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ìlẹ̀kùn 6 fún ilé kan ní Alékúwodò. Ọmọ Òṣogbo tó ni ilé náà ń gbé ní Jámánì, ó sì ti bẹ̀ mí pé òun kò fẹ́ igi tí wọ́n fi ba igbó jẹ́. Mo rí àmì FSC (Forest Stewardship Council, àjọ tó ń fi àmì sí ọjà tí igi rẹ̀ ti inú igbó tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa wá) lára ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìlẹ̀kùn, mo sanwó. Nígbà tó di alẹ́, ó pè mí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sábẹ́ àmì náà?" N kò rí nọ́ńbà kankan. Ẹni tó tà á fún mi ní bí wọ́n ṣe kó o dé nìyẹn. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ yẹn fọkàn tán mi.

Látìgbà náà, nọ́ńbà ni mo ń kọ́kọ́ wá. Ojúlówó àmì máa ń ní FSC-C àti nọ́ńbà 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí search.fsc.org níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tajà. Ṣé ìwé ẹ̀rí FSC ilé iṣẹ́ tó ni nọ́ńbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́? Ṣé orúkọ tó jáde bá ti ara ọjà mu? Bí kò bá bá a mu, ẹ bi í kó ṣàlàyé. Ẹ wò ó bóyá ìlẹ̀kùn wà nínú ọjà tí wọ́n kọ síbẹ̀, torí ilé iṣẹ́ mìíràn lè gba ìwé ẹ̀rí lórí bébà nìkan. Bó bá jẹ́ FSC-N lẹ rí, àṣẹ ìpolówó lásán ni.

FSC 100% ni igi tó ti inú igbó tó ní ìwé ẹ̀rí wá pátápátá. Mix jẹ́ àdàlù, Recycled sì jẹ́ àlòkù.

Pákó tí kò ní àmì lára ńkọ́? Rìsíìtì ló máa sọ̀rọ̀: kí irú FSC tó jẹ́ àti nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí ẹni tó tà á wà lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan láàárín àwọn tó ti rà á tà á kò bá ní ìwé ẹ̀rí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ FSC parí sí. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi pe ìlẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi kàn ní FSC, bí pákó rẹ̀ tilẹ̀ ní in. N kò ní ìwé ẹ̀rí tèmi.

Ní ilé ìlagi, wọ́n lè fi ojú òòlù, ìyẹn àmì tí wọ́n fi òòlù lù sára gẹdú láti fi dá a mọ̀, hàn yín. Ó dára kó wà, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá wọ́n gbin òmíràn rọ́pò arère tàbí ìrókò tí wọ́n gé. Oògùn ikán tí wọ́n fi sí i náà kò sọ ọ́.

Kí ẹ tó ya ọ̀rá kúrò, ẹ ya fọ́tò àmì náà pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ti kun ìlẹ̀kùn tán, kò sóhun tí ẹ máa fi hàn mọ́.