Bí mo ṣe yan release tí mo fi ń ṣọdẹ

Ikùn ni ọfà mi ti bá a, kì í ṣe igbá àyà. Mo tọ ipa ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín náà títí ilẹ̀ fi ṣú, mo tún padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò rí i. Bàbá mi fi ìbọn ṣakabùlà ṣọdẹ lágbègbè Ṣakí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sì í jẹun lálẹ́ ọjọ́ tí ẹran bá gbé ọta lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Texas níbí, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun èmi náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọrun mi kò lẹ́bi. Compound bow ni, ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ ní ṣóńṣó rẹ̀, a kì í sábàá fi ìka lásán fa ọsán rẹ̀. Okùn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní D-loop wà lára ọsán. Irin tó wà lọ́wọ́ ọdẹ ló ń gbá a mú, òun náà ló ń tú u sílẹ̀. Irin yẹn ni release. Tèmi jẹ́ èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́, tí ìka ìfábẹ̀lá ń fa tírígà rẹ̀ bíi ti ìbọn. Ó gùn jù fún ọwọ́ mi, ṣóńṣó ìka mi nìkan ló ń kan tírígà. Bí mo bá ti rí i pé àmì ojú ìwòran ọrun bọ́ sára ẹran, mo máa ń já a gbà, apá mi á sì ti mì kí ọfà tó kúrò.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń wọ igbó, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọrun ní Houston. Ó wò mí bí mo ṣe ta ọfà mẹ́ta, ó ní, “Àbúrò, o ò ní sùúrù fún tírígà yẹn.”

Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní irú release kan tí wọ́n ń pè ní hinge. Kò ní tírígà rárá. Tí o bá ti fa ọsán dé ìdí, iṣan ẹ̀yìn ni wàá máa fi fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí irin náà á fi yí, ọfà á sì lọ nígbà tí o ò retí. Ọfà mi kẹta bá àárín àmì gan-an ní yáàdì 20. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ní ẹran kì í dúró dè mí. Bí ọwọ́ bá sì ṣì yí nígbà tí a ṣì ń fà á, ọfà á jáde láìtọ́jọ́.

Èyí tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ tù mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n orí igi ni mo máa ń jókòó sí, àtẹ́lẹwọ́ lásán ló sì ń gbé e. Bó bá já bọ́, ọdẹ ọjọ́ yẹn ti parí nìyẹn. Ibi tí ọwọ́ ń gúnlẹ̀ sí lẹ́rẹ̀kẹ́ náà yàtọ̀, ó di dandan kí n tún ojú ìwòran ọrun tò.

Mo padà sí ti ọrùn ọwọ́, mo sì fara balẹ̀ yàn án. Ìdè rẹ̀ dà bí ti bẹ́líìtì, nítorí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra máa ń pariwo fàààrà bí a bá tú u, àgbọ̀nrín á sì gbọ́. Ìkọ́ rẹ̀ là sílẹ̀, mo lè fi kọ́ D-loop láìwo ibẹ̀. Mo dín gígùn rẹ̀ kù títí oríkèé kejì ìka mi fi wọ tírígà, mo sì mú kí tírígà náà le díẹ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n yá mi ní hinge tirẹ̀ kí n fi kọ́ sùúrù. Okùn lásán ni mo ń fà pẹ̀lú rẹ̀ nílé, kì í ṣe ọrun, nítorí ẹni tó bá tú ọsán ọrun tí kò ní ọfà lórí lè fọ́ ọrun náà mọ́ ara rẹ̀ lójú. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Bí mo bá wá ń fi ti ọrùn ọwọ́ fa ọsán, ẹ̀yìn tírígà ni ìka mi ń wà títí ọwọ́ á fi gúnlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ní oṣù Kẹwàá, abo àgbọ̀nrín kan dúró ní yáàdì 22. Ó ṣubú níbi tí ojú mi ti tó o. Mo pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó bi mí pé ṣé mo mọ ìgbà tí ọfà jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀.”

“Ó dáa. Mú ọ̀bẹ sọ́wọ́, mò ń bọ̀.”