Iná Kò Pa Gbogbo Rẹ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ẹran Ọ̀sìn Tó Ń Ṣàìsàn

"Bó bá ti jinná dáadáa, kò sí ohun tó lè ṣe èèyàn." Ọ̀rọ̀ yìí kì í jìnnà sẹ́nu ọlọ́sìn àti alápatà nígbà tí ẹran bá dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́. Ẹran ì báà wú bí ìlù, ẹ̀jẹ̀ ì báà máa kán nímú rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: ẹ jẹ́ ká tètè dú u kó tó bàjẹ́, iná á bá wa parí ìyókù. N kò ní sọ pé iná kò wúlò. Kòkòrò àrùn tó ń pa kò kéré. Àmọ́ kí ẹran tó dé inú ìkòkò, ọwọ́ mélòó ló ti kàn án? Ẹni tó so ó mọ́lẹ̀, ẹni tó dú u, ẹni tó bó awọ, ẹni tó fọ ìfun, ọmọ tó ń bu omi fún wọn. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ti pàdé àrùn náà kí ẹnikẹ́ni tó dá iná. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ń pani ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí jù.

Ẹ má fi ọ̀bẹ kan ẹran tó kú lójijì

Màlúù tó ń jẹko lánàá, wọ́n bá òkú rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó ni ín kò ní fẹ́ kí owó rẹ̀ wọlẹ̀ lásán, mo sì mọ̀ pé ó dunni. Ṣùgbọ́n irú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ ni anthrax, àrùn ẹran kan tó lè ran èèyàn, sábà máa ń fi pa màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì lè máa ṣàn láti imú, láti ẹnu tàbí láti ihò ìdí. Òkú náà á tètè wú, kì í sì í gan bí òkú ẹran mìíràn ṣe ń gan. Nígbà mìíràn kò ní sí ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyí níta, nítorí náà ẹ má dúró kí gbogbo rẹ̀ pé kí ẹ tó fura.

Ohun tí ọ̀bẹ ń ṣe níbẹ̀ ju kí ẹ̀jẹ̀ ta síni lára lọ. Nínú òkú tí wọn kò là, kòkòrò anthrax máa ń kú bí òkú náà ṣe ń jẹrà, torí pé kò rí afẹ́fẹ́. Gbàrà tí wọ́n bá la inú ẹran náà tí afẹ́fẹ́ wọlé, kòkòrò náà á ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle, bí irúgbìn tó ń dúró de òjò. Ó lè wà nínú ilẹ̀ báyìí fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Ọ̀gbẹlẹ̀ kò pa á, òtútù kò pa á, sísè lásán náà kò sì ṣeé gbọ́kàn lé.

Lọ́dún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Bìrìtéènì dán anthrax wò lára àgùntàn ní erékùṣù Gruinard, ní Scotland. Ó di ọdún 1986 kí wọ́n tó fi formaldehyde, oògùn líle tó ń pa kòkòrò, rin ilẹ̀ ibẹ̀ láti fọ̀ ọ́, ó sì di 1990 kí wọ́n tó kéde pé èèyàn lè tún tẹ ibẹ̀ láìséwu. Ọdún 48 nìyẹn, nítorí ìdánwò tí wọ́n fi àgùntàn ṣe. Ní Yamal, lápá àríwá Rọ́ṣíà, ooru ọdún 2016 yọ́ ilẹ̀ tó ti dì bí òkúta tipẹ́, anthrax àtijọ́ sì jáde: reindeer, ẹran oníwo tó jọ àgbọ̀nrín, tó ju 2,000 lọ kú, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan náà sì bá a lọ.

Lára èèyàn, ojú awọ ni anthrax sábà máa ń gbà wọlé, láti ojú ọgbẹ́ kékeré tí ẹni tó ń kun ẹran lè má tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní. Ó máa ń di egbò tí àárín rẹ̀ dúdú bí èédú, kì í sì í sábà dun èèyàn. Àìdunni yẹn gan-an ló ń mú kí wọ́n fojú di í. Oògùn wà fún un bí wọ́n bá tètè lọ sílé ìwòsàn. Èyí tí èèyàn jẹ tàbí tó fà símú burú jù ú lọ.

Nítorí náà, ẹ má là á, ẹ má bó o, ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ má jù ú sódò, ẹ má gé e fún ajá. Ẹ lé èèyàn àti ẹran jìnnà sí i, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Òun ni yóò sọ bóyá wọn yóò sun ún tàbí wọn yóò rì í jinlẹ̀, òun náà ni yóò fún àwọn ẹran tó kù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn kan á ní, "A ti ń jẹ irú rẹ̀ tipẹ́, kò ṣe wá ní nǹkan kan." Òótọ́ ni. Àwọn tó ṣe ni kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn.

Ọwọ́ lásán nínú ẹnu, ọwọ́ lásán níbi ìbímọ

Màlúù ń da itọ́, kò lè gbé nǹkan mì, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé nǹkan há a lọ́fun, ẹnì kan á sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu dé ìgbọ̀nwọ́. Nǹkan lè há a lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ajá dìgbòlugi ti bù ú jẹ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Itọ́ irú ẹran bẹ́ẹ̀ tó kan ojú ọgbẹ́ ti tó láti kó o ranni. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Kó tó yọ ni ìrètí wà: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Kì í ṣe lọ́la.

Ti oyún tó ṣẹ́ lára ẹran ni wọ́n fojú kéré jù. Bí oyún ẹran kan bá ṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ṣubú tàbí pé wọ́n kàn án. Bó bá di méjì, mẹ́ta, mẹ́rin láàárín àsìkò kan náà, àrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Brucellosis ń ṣe bẹ́ẹ̀, Q fever ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibà Rift Valley náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló sì lè ran èèyàn. Inú ibi ọmọ àti omi tó bá a jáde ni kòkòrò wọn pọ̀ sí jù, síbẹ̀ ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn fi ń fà á jáde, wọ́n á sì sọ ìyókù fún ajá. Ní Netherlands, láàárín 2007 sí 2010, Q fever tó ti oko ewúrẹ́ jáde mú èèyàn tó lé ní 4,000. Púpọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan ewúrẹ́ rí. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá bá wọn.

Ẹ tún wo ti Malta. Lọ́dún 1887, David Bruce, dókítà ọmọ ogun Bìrìtéènì, rí kòkòrò brucellosis nínú ara àwọn ọmọ ogun tí ibà pa ní erékùṣù náà. Ọdún 18 gbáko ló kọjá kí wọ́n tó mọ ibi tó ti ń wá. Ní 1905, dókítà ọmọ Malta kan, Themistocles Zammit, rí i pé ewúrẹ́ ló ń gbé e kiri. Ara àwọn ewúrẹ́ náà ń dán, wọ́n ń jẹun, wàrà wọn pọ̀. Nígbà tí wọ́n dá wàrà wọn dúró lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ní 1906, ibà náà rọlẹ̀ láàárín wọn. Ìdí nìyí tí n kì í fi gbà bí ọlọ́sìn bá sọ fún mi pé, "Ẹ wò ó, ara ẹran mi le." Mo rí i pé ara rẹ̀ le. Ìyẹn kọ́ ni mo béèrè.

Ẹni tí brucellosis bá mú yóò ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, òógùn á máa bò ó lóru, oríkèé á máa ro ó, ó sì lè máa lo oògùn ibà lásán fún oṣù mélòó kan. Ìtọ́jú rẹ̀ gan-an sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú oògùn méjì pọ̀. Bí ẹ bá ń sin ẹran tí ibà yín kò lọ, ẹ sọ ọ́ fún dókítà pé ẹ ń sin ẹran. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í béèrè.

Wàrà tí kò kan iná

Níbi wàrà, iná ni ọ̀rẹ́ wa, àṣìṣe ibẹ̀ sì ni kí èèyàn fò ó dá. Wọ́n ní wàrà tútù láti ọmú ẹran lágbára ju èyí tí wọ́n sè lọ. Brucellosis ń gba inú rẹ̀ wọlé, ikọ́ ife ti màlúù ń gba inú rẹ̀ wọlé, Salmonella àti Campylobacter, àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, náà ń bẹ níbẹ̀. Kò sì gba iná púpọ̀: kí wàrà wà ní ìwọ̀n Celsius 63 fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹni tí kò ní ohun tó fi ń wọn ooru, kó jẹ́ kó hó.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n rí H5N1, àìsàn adìyẹ tí a mọ̀ sí bird flu, lára màlúù oníwàrà ní Amẹ́ríkà, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò retí. Wàrà àwọn màlúù náà kún fún un. Àwọn ológbò inú oko tó lá wàrà náà ní tútù ṣàìsàn, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Wàrà tí wọ́n ti fi iná tọ́jú kò ní èyí tó wà láàyè nínú mọ́.

Abẹ́rẹ́ lónìí, ọjà lọ́la

Mo ní iná kò pa gbogbo rẹ̀. Oògùn wà lára ohun tí kò pa. Ẹran ń ṣàìsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ apakòkòrò, kò gbádùn, wọ́n sì dú u lọ́jọ́ kejì kó má bàa kú dànù. Oògùn yẹn ṣì wà nínú ẹran, sísè kò sì lè yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ara ìgò oògùn ni wọ́n kọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó pa ẹran náà tàbí kí wọ́n tó ta wàrà rẹ̀. Ẹ kà á. Bí kò bá sí lára ìgò, ẹ má ra oògùn náà.

Èyí tó burú níbẹ̀ kò mọ sórí ẹni tó jẹ ẹ́. Àpọ̀jù oògùn apakòkòrò ń kọ́ àwọn kòkòrò àrùn bí wọ́n ṣe máa yè é. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde pé àwọn rí kòkòrò tó ti borí colistin, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí ilé ìwòsàn ń sá tọ̀ nígbà tí òmíràn kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n rí i lára ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n rí i nínú ẹran tí wọ́n ń tà, wọ́n sì rí i lára àwọn aláìsàn. Wọ́n ti ń po colistin mọ́ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tipẹ́ kó lè tètè sanra.

Iná kò pa prion náà, ohun tó ń fa àrùn ọpọlọ màlúù tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Bìrìtéènì ní 1986. Òkú ẹran tí wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ màlúù ló tàn án kálẹ̀. Ó di 1996 kí ìjọba tó gbà ní gbangba pé ó ṣeé ṣe kí ó ti ran èèyàn. Èèyàn 178 ni irú rẹ̀ tó ń mú èèyàn ti pa níbẹ̀. Bákan náà ni oró tí kòkòrò Staphylococcus bá ti tú sínú oúnjẹ tó pẹ́ nílẹ̀: ẹ lè sè é títí, kòkòrò á kú, oró á kù.

Nínú ilé ìdáná n kò ní pẹ́. Ẹ má fọ adìyẹ tútù lábẹ́ omi ẹ̀rọ, omi náà ń ta kòkòrò sára àwo àti aṣọ. Ẹ má fi ọ̀bẹ ẹran tútù gé ohun tí ẹ kò ní sè. Ẹran lílọ̀ ń fẹ́ iná dé inú ju ẹran odindi lọ, torí pé ohun tó wà lójú ẹran ti wọ àárín rẹ̀. Ìwọ̀n Celsius 70 ni kí inú rẹ̀ dé, ó kéré tán. Fìríìsà ń mú kòkòrò sùn ni, kì í pa wọ́n tán.

Kí a tètè tà á

Ìbẹ̀rù náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Àìsàn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní African swine fever kì í ran èèyàn rárá, bó ti wù kó pa ẹlẹ́dẹ̀ tó. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń sá fún un bí ẹni pé yóò mú wọn, wọ́n á sì kó òkú ẹlẹ́dẹ̀ dà sínú igbó lóru, níbi tí yóò ti ran ẹlẹ́dẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ pè é ní ohun tó jẹ́, kí ẹ rì í.

Èyí tí mo kórìíra jù ni kí ọlọ́sìn rí i pé àìsàn wọlé, kó sì yára kó ìyókù tà kí ìjọba tó gbọ́. Ní Malaysia, láàárín 1998 àti 1999, ẹlẹ́dẹ̀ ń wúkọ́, àwọn tó ń tọ́jú wọn sì ń ní àìsàn ọpọlọ. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé ni, wọ́n ń fín oògùn ẹ̀fọn. Láàárín àkókò náà, wọ́n ń kó ẹlẹ́dẹ̀ láti agbègbè kan lọ sí òmíràn, àrùn náà sì ń tẹ̀ lé ọkọ̀ wọn. Nipah ni, kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó pa èèyàn tó lé ní 100. Ní oṣù kẹta ọdún 1999 ó dé Singapore: òṣìṣẹ́ odò ẹran 11 ló mú, ọ̀kan nínú wọn kú. Ẹlẹ́dẹ̀ tó wá láti Malaysia ni wọ́n ń pa. Singapore sé ẹnu ibodè mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ Malaysia lóṣù náà gan-an, Malaysia sì ní láti pa ẹlẹ́dẹ̀ tó tó mílíọ̀nù kan kí àrùn náà tó rọlẹ̀.