Bí mo ṣe fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í tètè dì lóògùn oorun

Hẹ́níà ni wọ́n kọ sínú káàdì ẹ̀, ọmọ ọdún 19, kílò 60, Ọ̀fà ni wọ́n ti gbé e wá bá wa n'Ílọrin. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tó máa ń pa ìsàlẹ̀ ara kú kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, la sábà máa ń fún irú wọn. Ṣùgbọ́n èmi máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ìkọlà lọ́wọ́ ìyá gbogbo ọmọkùnrin tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní "Màmá, nígbà tí wọ́n kọlà fún un ńkọ́?" Màmá kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní "Dókítà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ̀jẹ̀ fi ń dà. Àbúrò mi ọkùnrin, bó ṣe bá a lọ nìyẹn."

Ara mi bù máṣọ. Ọ̀dọ̀ ìyá làìsàn ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dì máa ń gbà wọlé, ìyá fúnra ẹ̀ sì lè má rí nǹkankan. Mo bi ọmọ náà bóyá orúnkún ẹ̀ máa ń wú, ó ní tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ni, ó tún ní ibi kan gún òun lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ìdí náà wú fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkankan. Mo ní ká dá iṣẹ́ dúró. Èsì láàbù dé: nínú àyẹ̀wò méjì tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, PT dáa, aPTT gùn; factor VIII ẹ̀, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì, jẹ́ 3%, hemophilia A nìyẹn, orúkọ àìsàn náà. Wọ́n tún wò ó bóyá ara ẹ̀ máa ń bá factor tí wọ́n bá fún un jà, kò bá a jà, a dúpẹ́.

Unit oògùn factor kan fún kílò kan máa ń gbé factor VIII sókè ní 2%, a dẹ̀ fẹ́ kó tó nǹkan bí 100% kí ọ̀bẹ tó kàn án, ìyẹn nìyí, 50 lọ́nà 60, unit 3000. Kì í ṣe oògùn tẹ́ ẹ máa rí ní kẹ́mísì o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró kó tó pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, aago 7:30, mo fún un ní factor náà lójú iṣan díẹ̀díẹ̀, a gbé ẹ̀jẹ̀ lọ láàbù, ó ti lé ní 90% kí n tó gbà kí wọ́n tì í wọ tíátà. Sọ́jọ́nì ní nígbà tó ti gòkè, ṣé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ò lè ṣe é? Àwọn kan máa ń ṣe é, èmi ò gbà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, á tẹ iṣan tó ń darí ẹsẹ̀, ọmọ tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé lè má rìn mọ́.

Mo fi oògùn mú un sùn pátápátá. Ọ̀nà ọ̀fun lọkàn mi wà jù, mo fi jẹ́lì pa tíúbù tó máa fi mí, ẹnu ni mo gbé e gbà, mi ò jẹ́ kó gba imú torí imú kì í pẹ́ ṣẹ̀jẹ̀, mo dẹ̀ rọra fa itọ́ ẹ̀ kó má baà wúkọ́ líle nígbà tó ń jí. Tranexamic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè tú, ti wọlé kí wọ́n tó la ibẹ̀. Ìnira ńkọ́? Paracetamol àti mọ́fíìnì díẹ̀ lójú iṣan. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì: kò sí diclofenac (oògùn ìnira tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà), kò sí abẹ́rẹ́ ìdí.

Factor VIII ò pẹ́ lára, wákàtí 8 sí 12 ìdajì ẹ̀ ti lọ, torí náà aago 7:30 alẹ́ mo padà wá fún un ní unit 1500 fúnra mi. Báńdéèjì gbẹ táútáú.

Àbúrò ọmọ náà obìnrin wà nílé ọkọ, ó lóyún, òun náà lè ní àìsàn yìí lára láì mọ̀. Mo ní kí màmá mú un wá bá wa kó tó bímọ, tó bá sì jẹ́ ọkùnrin ló bí, kẹ́nikẹ́ni má tíì kọlà fún un.