Àṣìṣe táwọn òbí máa ń ṣe tí wọ́n bá ń ra Fazbear Frights fọ́mọ

Ìwé ìtàn adẹ́rùbani ni Fazbear Frights, inú géèmù Five Nights at Freddy's ni wọ́n ti mú un jáde. Ehoro, béárì àti ọmọlańgidi tó wà lára èèpo ìwé wọ̀nyí ló ń tan àwọn òbí jẹ. Ọmọ ní òun fẹ́ ìwé géèmù Five Nights at Freddy's, òbí wo èèpo rẹ̀, ó rò pé ohun ìṣeré lásán ni, ó sì rà á fún ọmọ ọdún méje. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ ọdún 12 sókè ni Scholastic tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní kó máa kà á, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ́. Ẹ má sì sọ pé ọmọ yín ti ń gbá géèmù náà tipẹ́. Géèmù ọ̀hún, tí Scott Cawthon gbé jáde lọ́dún 2014, ńṣe làwọn ẹranko onírin inú rẹ̀ máa ń fò mọ́ni lójijì, ẹ̀rù náà kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Ti ìwé máa ń rọra wọlé, á wá jókòó síbẹ̀.

Ẹ wo ìwé kìíní, Into the Pit. Ìtàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì bani lẹ́rù bákan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, Oswald rì sínú kòtò bọ́ọ̀lù ní ilé písà kan, ó sì bá ara rẹ̀ lọ́dún 1985. Nígbà tó máa padà, ehoro aláwọ̀ yẹ́lò kan tẹ̀ lé e délé, ó gba ipò bàbá rẹ̀. Bí ìyá bá wò ó, ọkọ rẹ̀ ló ń rí; ehoro lọmọ ń rí ní tirẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti rìnrìn àjò tipẹ́ lè gbé èyí sọ́kàn gan-an.

Nínú ìkejì, Sarah rí róbọ́ọ̀tì obìnrin kan níbi tí wọ́n ń da àlòkù irin sí. Róbọ́ọ̀tì náà fún un ní ẹ̀gbà ọrùn, ó ní kò gbọdọ̀ bọ́ ọ láéláé. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ̀yà ara Sarah kan á ti rẹwà sí i. Ọjọ́ tí ẹ̀gbà kúrò lọ́rùn, pàǹtí irin ló bá lára ara rẹ̀. Ẹni tó mọ àlọ́ ọmọge tó tẹ̀ lé ọkùnrin arẹwà tó yá ẹ̀yà ara wá sọ́jà á rí i pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò làwọn ìtàn yìí. Ìtàn Sarah ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí kì í fẹ́ rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí dá a kà.

Ìkẹta, tí wọ́n pè ní Count the Ways, ni kí ẹ kọ́kọ́ kà fúnra yín kí ìwé tó dọ́wọ́ ọmọ. Millie, ọmọbìnrin tó gbà pé ikú wu òun, wọ inú ikùn béárì onírin kan, ó há síbẹ̀, béárì sì ń ka oríṣiríṣi ọ̀nà tó lè gbà pa á fún un. Bí ọmọ yín bá ń ṣọ̀fọ̀, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ gbé ìwé náà pamọ́, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ títò ìwé náà wà níbẹ̀. Ìwé 12 ni gbogbo rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lópin 2019, ó sì parí ní 2022. Àwọn ìtàn mẹ́ta-mẹ́ta inú wọn dá dúró, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìtàn mẹ́ta yẹn, abala kan tún wà tó ń sọ nípa Stitchwraith, róbọ́ọ̀tì kan tí ẹ̀mí òkú ń gbé inú rẹ̀, abala yìí ló sì ń bá a lọ láti ìwé kìíní dé ìkọkànlá. Ọmọ tó fo láti ìwé kejì sí ìkeje á ní kò yé òun, á sì pa ìwé tì. Bí ìwé ò bá tíì pé, kó fi abala yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ má sì ra méjìlá lẹ́ẹ̀kan; ọ̀kan ti tó láti mọ̀ bóyá ọmọ lè gbà á.

Ẹ yẹ orúkọ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Àwọn ìwé Five Nights at Freddy's míì wà tí kì í ṣe Fazbear Frights. The Silver Eyes àti méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìtàn gígùn kan ṣoṣo. Tales from the Pizzaplex, ìwé mẹ́jọ, ló jáde lẹ́yìn Fazbear Frights. Fazbear Frights tí wọ́n fi àwòrán ṣe kò tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe to ìtàn inú ìwé méjìlá yẹn, kò sì rọrùn fọ́mọ kékeré nítorí pé ó ní àwòrán: ohun tí ọmọ ì bá fojú inú wò díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ti yà kalẹ̀ gbangba.

Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn géèmù náà máa ń ka ìwé láti fi wá ìdáhùn sí àṣírí inú rẹ̀. Cawthon fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé àwọn kan lára ìtàn Fazbear Frights bá géèmù tan, àwọn kan ò bá a tan. Ẹ sọ fọ́mọ, kó má bàa máa bínú sí ìtàn tó dáa.

Èyí tó kù ni kíkà á lóru. Ìwé kan lé ní 200 ojú ìwé, ìtàn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ á dúró sí àárín, níbi tí ehoro ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ibẹ̀ náà lá sì máa rò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sán Sátidé ni kó bẹ̀rẹ̀, kó ka ìtàn kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì wá sọ ọ́ fún yín kí alẹ́ tó lẹ́.